Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀dọ̀ Tó Dára Kò Tó: Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Mẹ́dọ̀wú Wò Ṣáájú Yìgì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fi ara yìí ṣe ohun ìfipamọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, a sin ọ̀kan nínú àwọn ará wa. Kò tíì pé ogójì ọdún. Àwọn kan ní ibà pọ́njú ló pa á, àwọn mìíràn ní wọ́n fún un ní nǹkan jẹ ni. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni. Ohun tó dùn wá jù ni pé ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, wọ́n sì sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dára.

Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Nínú ẹ̀dọ̀ ni àwọn èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní énsáìmù. Àwọn ló ń bá ẹ̀dọ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń sọ ohun tí a jẹ di ohun tí ara lè lò, tí wọ́n sì ń pa oró. Méjì nínú wọn, ALT àti AST, ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé àyẹ̀wò. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń bàjẹ́, wọ́n á jò sínú ẹ̀jẹ̀, iye wọn á sì ròkè. Ṣùgbọ́n kòkòrò mẹ́dọ̀wú tí àwọn dókítà ń pè ní Hepatitis B lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé iye náà ròkè. Kódà, ẹ̀dọ̀ tó ti le gbagidi lè ní iye tó dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Àyẹ̀wò énsáìmù kì í ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú. HBsAg ni orúkọ àyẹ̀wò tí ẹ ó bèèrè.

Lóde òní, àwọn onímọ̀ ń yẹ ẹran jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wò láti mọ énsáìmù tó pọ̀ nínú rẹ̀ àti èyí tó dín kù, kí wọ́n lè mọ aláìsàn tí àrùn rẹ̀ yóò le. Ìmọ̀ ńlá ni, a kò kóyán rẹ̀ kéré. Àmọ́ ẹni tó dé ilé ìwòsàn nígbà tí ikùn ti wú, tí ojú sì ti pọ́n, ìrànlọ́wọ́ tí yóò rí nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àrùn ni ọwọ́ wa ti lè tó o.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 254 ló ń gbé pẹ̀lú mẹ́dọ̀wú B ní ọdún 2022. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó bá kó o lára ìyá nígbà ìbí, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ọdún 1984 ni Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì dín kù gan-an láàárín àwọn ọmọ wọn. Ní Nàìjíríà, ọdún 2004 ló wọ inú abẹ́rẹ́ ọmọdé. Èyí já sí pé ọ̀pọ̀ àwa àgbà kò gbà á rí.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé, bí àwọn lémọ́mù wa ti ń bèèrè ìwé jìnótáìpù kí wọ́n tó so yìgì, kí wọ́n máa bèèrè ti HBsAg pẹ̀lú. Àwọn kan yóò ní yóò tú yìgì ká. Rárá o. Mẹ́dọ̀wú kò dà bíi jìnótáìpù, nítorí ó ní abẹ́rẹ́. Bí ó bá wà lára ẹnì kan, kí ẹnì kejì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọlé ọkọ tàbí kó tó gbé ìyàwó. Ẹni tó ní in yóò máa rí dókítà. Oògùn tó ń tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀ wà. Bí Ọlọ́hun bá sì fi ọmọ ta wọ́n lọ́rẹ, kí ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ láàárín wákàtí 24 tí a bí i.

A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ya àwo ẹni tó ní in sọ́tọ̀. Kì í ràn nípa jíjẹun pọ̀ tàbí bíbọwọ́. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀ àti ìbímọ ni ọ̀nà rẹ̀. Abẹ tí a bá fi ṣe hìjáámà tàbí dádọ̀dọ́ fún ọmọ kan, a kò gbọdọ̀ fi kan ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣa ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu kúrò. Oró aflatoxin inú wọn kì í tán bí a tilẹ̀ sè é. Énsáìmù kan nínú ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, òmíràn ló ń pa á. Bí mẹ́dọ̀wú bá tún wà lára ẹni tó ń jẹ ẹ́, ewu jẹjẹrẹ á di ìlọ́po.

Kádàrá ò ní kí a má wá ìwòsàn. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ pé kí a wá a. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kí Ọlọ́hun forí jin ará wa tó lọ, kó sì dá ẹ̀mí àwa tó kù sí. Àmín.