Ta Ni Ó Ni Ẹnubodè Niger?

Ẹ̀yin ará wa ní Yaba, Mushin àti Surulere, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní oko, bí ọ̀dọ́ kan bá wọ ọkọ̀ ní Jíbówú, tí ó ní Kánò ni òun ń lọ, tí kò sì wí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó lè jẹ́ Agadez ni ọmọ náà dojú kọ, àti aṣálẹ̀, àti Líbíyà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Niger kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa.

Ní ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí i ní Dakar pé kí ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ èkejì láìsí ìdíwọ́. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, àwọn aṣòfin Niger ṣe òfin tí ó sọ gbígbé arìnrìn-àjò lọ sí ìhà Líbíyà di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni Yúróòpù dá àpò owó kan sílẹ̀ fún Áfíríkà ní Valletta, Niger sì jẹ nínú rẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 2016 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, tí a sì ń jù wọ́n sẹ́wọ̀n nígbà náà. Ọjà Agadez dàrú: awakọ̀, onílé èrò, olóúnjẹ, gbogbo wọn ni ó kàn. Ìrànwọ́ tí a ṣèlérí kí wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn, díẹ̀ nínú wọn ni ó rí i gbà.

Òkè-òkè ni ọwọ́ afúnni ń gbé. Ìjọba tí ará Agadez bá wọn dìbò yàn ní etí méjì, Brussels ni ó sì kọ èyí tí ó mú jù sí.

A kò lòdì sí aájò. Nígbà tí Boko Haram lé àwọn ọmọ Nàìjíríà dé Diffa, ará Niger gbà wọ́n sílé, tálákà tí í gba tálákà. Bí ayé bá fi oúnjẹ àti àgọ́ ránṣẹ́ síbẹ̀, a ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí a fi bọ́ ẹni tí ogun lé yàtọ̀ sí owó tí a fi dí ọ̀nà mọ́ arìnrìn-àjò.

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Bazoum. A kò sọ pé òfin yìí ni ó fà á. Ohun tí ó dùn wá ni pé ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ọ̀gágun Tiani fagi lé òfin ọ̀hún, inú àwọn ará Agadez sì dùn. Ohun tí àwọn tí a fi ìbò yàn kò ṣe fún ọdún mẹ́jọ, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún ni ó ṣe é. Báwo ni a ó ti sọ fún ará Agadez nísinsìnyí pé ìbò ni ó dára jù?

Nàìjíríà pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò pẹ̀lú Yúróòpù ní ọdún 2016 lórí gbígba àwọn ọmọ rẹ̀ tí a bá dá padà. A ń béèrè pé kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú iye owó tí ó bá wà nínú rẹ̀, dé iwájú Ilé Aṣòfin ní Abuja kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin olùdìbò Mushin, Yaba àti Surulere, nígbà tí aṣojú yín bá wálé, ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ti rí ìwé náà sójú rí.