Kí Màlúù Tó Dé: Ohun Èlò Tó Yẹ Kí Olùbẹ̀rẹ̀ Kọ́kọ́ Ní

Láti oṣù Keje ọdún 2024 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde ìdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí yóò máa rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, sísin màlúù lójú kan kò jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn darandaran nìkan mọ́. Ní ìpínlẹ̀ wa pẹ̀lú, iṣẹ́ àkànṣe L-PRES tí Báńkì Àgbáyé ń ṣe agbátẹrù rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Nítorí náà, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bí òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò tàbí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ní Adéwọlé, nílùú Ìlọrin, bá ń gbèrò láti ra màlúù márùn-ún tàbí mẹ́jọ, kí ó sì máa sìn wọ́n lórí ilẹ̀ tó ní lẹ́yìn ìlú, lọ́nà Àfọ̀n tàbí Màlété.

Ilẹ̀, koríko àti omi ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ ṣírò. Ohun tí ó máa ń gbàgbé ni bí yóò ṣe di màlúù mú lọ́jọ́ tí dókítà ẹran bá dé. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni èrè tàbí àdánù rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2023, a rí àrùn anthrax nínú ẹran ọ̀sìn ní Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger tí ó bá wa pààlà. Àrùn yìí ń pa ẹran, ó sì ń ran ènìyàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọdọọdún ni ààbò tó dájú jù sí i, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò wúlò fún màlúù tí ẹnikẹ́ni kò lè sún mọ́.

Ìsìn màlúù kì í ṣe àjèjì ní Ìlọrin. Orúkọ àdúgbò bíi Gáà-Akánbí àti Gáà-Sàkà tó láti rán wa létí. Ṣùgbọ́n àwọn Fúlàní tí wọ́n ni gáà kò fi bẹ́ẹ̀ nílò irin àti páìpù, nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti ń bá màlúù gbé. Màlúù mọ ohùn wọn, wọ́n sì mọ ìwà màlúù kọ̀ọ̀kan. Olùbẹ̀rẹ̀ láti ìgboro kò ní ìmọ̀ yìí. Bí ó bá sì gba darandaran síṣẹ́, ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ ni àwọn màlúù yóò di àlejò sí olówó wọn. Ohun èlò ni yóò dí àlàfo náà.

Kí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ní? Èkínní ni ọgbà kékeré tó lágbára, níbi tí a lè kó gbogbo màlúù jọ sí. Èkejì ni ọ̀nà tóóró tí màlúù yóò gbà kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní kírọ́ṣì. Bí a bá ṣírò nǹkan bí mítà kan àtààbọ̀ fún màlúù kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tí ó gùn tó mítà mẹ́fà yóò gba mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí mítà kan àtààbọ̀. Ó dára kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45, kí òkè rẹ̀ sì fẹ̀ tó 80, kí ẹran má bàa lè yí padà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwo ni ó yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Màlúù funfun tí à ń pè ní Bunaji ni ó pọ̀ jù ní Nàìjíríà, ìwo rẹ̀ sì gùn. Ọ̀pọ̀ ohun èlò tí a ń kó wá láti òkè òkun ni a ṣe fún màlúù tí kò níwo. Ẹni tó bá náwó lé irú rẹ̀ láìwọn ìwo màlúù tirẹ̀ lè rí i pé orí kò wọlé, tàbí pé ó wọlé tí kò sì jáde mọ́. Kí a fi okùn wọn ìwo tó fẹ̀ jù nínú agbo kí wẹ́dà tó gé irin.

Ẹ̀kẹta ni géètì ọrùn ní ìparí ọ̀nà náà: ọ̀pá irin méjì tó dúró ṣánṣán, ọ̀kan dúró gbọn-in, èkejì ṣeé fà mọ́ ọrùn, kí a sì fi píìnì tì í. Ọ̀pá gbọọrọ sàn ju èyí tó tẹ̀ lọ, nítorí pé bí màlúù bá wó lulẹ̀, ọ̀pá gbọọrọ kò tètè fún un lọ́fun. Ó sì gbọdọ̀ ṣeé ṣí wéré. Wẹ́dà Ìlọrin lè ṣe èyí. Òun ni ó yẹ kí a fi irin ṣe. Igi tíìkì tó gbó lè ṣe àwọn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, bí a bá ti dáàbò bo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ikán.

Àwọn nǹkan mìíràn lè dúró ná. Òṣùwọ̀n ńlá kò pọn dandan: okùn ìwọ̀n tí a fi ń wọn àyíká àyà màlúù lè jẹ́ kí a fojú díwọ̀n bí ó ti wúwo tó. Òkìtì ilẹ̀ tí a fi búlọ́ọ̀kù há lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè di ibi ìsọ̀kalẹ̀ fún màlúù tí ọkọ̀ akẹ́rù bá kó dé láti kárà Àjàṣẹ́-Ìpo. Kí olùbẹ̀rẹ̀ má sì fi oko ńláńlá, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ láti Zimbabwe dá sílẹ̀ ní Shonga, ṣe òṣùwọ̀n ohun tí yóò rà.

Irin nìkan kò tó ṣá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Temple Grandin ti Amẹ́ríkà ti fi hàn pé òjìji lórí ilẹ̀, ẹ̀wọ̀n tó ń mì tàbí aṣọ tí a fi kọ́ sára ọgbà lè mú kí màlúù dúró pa. Ariwo àti kóńdó yóò tún dá kún ìbẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń da màlúù.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká a lè bá àwọn aládùúgbò oko rẹ̀ pawọ́ pọ̀ ṣe kírọ́ṣì kan. Kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn lílò, kí ẹran tó ń ṣàìsàn má sì bá èyí tí ara rẹ̀ le pàdé níbẹ̀. A sì gbà pé bí kírọ́ṣì bá wà ní àwọn ibi tí a ti ń fún ẹran ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àǹfààní rẹ̀ yóò kárí olówó àti tálákà.

Ìmọ̀ràn wa kò ju èyí lọ: kí ọgbà, ọ̀nà tóóró àti géètì ọrùn ti wà nílẹ̀ kí a tó lọ sí kárà. Kí a pe dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ wá wo iṣẹ́ náà nígbà tí ó ṣì ṣeé tún ṣe. Màlúù kan tí a dín kù láti fi kọ́ wọn lè jẹ́ ohun tí yóò dáàbò bo àwọn tó kù, àti ẹni tó ń tọ́jú wọn.