Oòrùn Pọ̀ Nílẹ̀ Wa, Kí Ló Dé Tí Ẹsẹ̀ Ọmọ Fi Ń Tẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá wa ọ̀wọ́n, a máa ń rí ìyá tí ó gbé ọmọ ọdún mẹ́ta wá sí ilé ìwòsàn, tí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti tẹ̀ bí ọrun, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti fi owó ọjà ra oògùn fítámì D láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Àwọn ará ilé a ní pípọn ni ó fà á. Àwọn mìíràn a ní iṣẹ́ ayé ni. Ní èrò tèmi, ìkòkò oúnjẹ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Òtítọ́ ni pé fítámì D ni ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba kálísíọ̀mù, èròjà tí ń mú eegun le. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń kan awọ ara wa, ara a máa ṣe fítámì náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó sábà wọ́n fún ọmọ tiwa ni kálísíọ̀mù, pàápàá bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ àti àmàlà ni ó ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹja tàbí wàrà.

Ìwádìí kan lórí ọmọ Nàìjíríà 123 tí wọ́n ní àrùn eegun rírọ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1999, jẹ́rìí sí èyí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, eegun ọmọ 61 nínú ọgọ́rùn-ún tí a fún ní kálísíọ̀mù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn tán. Ti àwọn tí a fún ní fítámì D nìkan kò ju 19 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Nítorí náà, ẹ lọ edé tàbí ẹja yọ́yọ́ gbígbẹ tegungun-tegungun sínú ògì ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà. Wàrà àti yànmọ̀tí náà dára. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa ṣeré níta.

N kò sọ pé oògùn náà kò wúlò. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí oòrùn kò ti lágbára nígbà òtútù, nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlòjù rẹ̀ a máa ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà ni yóò kọ ọ́.

Ẹsẹ̀ ọmọ ìkókó a máa tẹ̀ díẹ̀, a sì máa nà fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá kọjá ọdún méjì tí kò nà, tàbí tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú, ẹ tètè gbé e wá. Òkèèrè ni a ti ń wo igi gánrangánran kí ó má baà gún ni lójú.