Ẹsẹ Kan Kò Tó Fi Dájọ́

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn lóṣù tó kọjá, nígbà tí tọkọtaya ọ̀dọ́ kan ládùúgbò wa wọlé tọ̀ mí wá, Bíbélì lọ́wọ́ ọkọ, Bíbélì lọ́wọ́ aya, tí àwọn méjèèjì sì fajú ro.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló fẹ́ yá ₦800,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó sì ní kí àbúrò òun wá fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Ìyàwó fárígá. Ó ṣí Òwe 6, níbi tí a ti gba ẹni tó ṣe onígbọ̀wọ́ níyànjú pé kí ó já ara rẹ̀ gbà bí ẹran ìgbẹ́ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Ọkọ náà ṣí Gálátíà 6:2, tó pàṣẹ pé kí a máa ru ẹrù ara wa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dá sí i. Ẹni tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi nìyí.” Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mú dání, wọ́n sì ti sọ ọ́ di kùmọ̀.

N kò dá ẹjọ́ náà. Ìwé kan ni mo gbé kalẹ̀ fún wọn, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Oríṣi ìwé atọ́ka méjì ló wà fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Èkínní ni atọ́ka ọ̀rọ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kọ́ńkọ́dáǹsì. Alexander Cruden tẹ tirẹ̀ jáde ní 1737. Ti James Strong jáde ní 1890. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti fara hàn hàn wá. Èkejì ni atọ́ka àkòrí, tí kì í wo ọ̀rọ̀ nìkan, bí kò ṣe ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí: ìbínú, gbèsè, opó, ọmọ títọ́. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Orville Nave, àlùfáà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tó jáde ní ìparí ọ̀rúndún 19. Àkòrí ńlá àti kékeré inú rẹ̀ lé ní 20,000. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ti rí orí àti ẹsẹ nínú rẹ̀, ẹ lè ṣí Bíbélì Yorùbá yín síbẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà “onígbọ̀wọ́”. Òwe 11:15, 17:18, 20:16 àti 22:26 ti ìyàwó lẹ́yìn gbágbáágbá, inú rẹ̀ sì ti ń dùn. Ṣùgbọ́n a tún dé Jẹ́nẹ́sísì 43 àti 44, níbi tí Júdà ti ṣe onígbọ̀wọ́ Bẹ́ńjámínì níwájú baba wọn. Nígbà tí ọ̀ràn dé, ó ní kí wọ́n fi òun ṣe ẹrú dípò àbúrò òun. Hébérù 7:22 tilẹ̀ pe Jésù fúnra rẹ̀ ní onígbọ̀wọ́ májẹ̀mú tó sàn jù. Ẹnu ya ìyàwó.

Lẹ́yìn náà ni a kúrò lórí ọ̀rọ̀, a bọ́ sórí àkòrí: gbèsè. Ibẹ̀ ni mo ti ní kí wọ́n ṣí Fílémónì 18 àti 19. Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n ka gbogbo gbèsè Ónésímù sí òun lọ́rùn, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò san án. “Onígbọ̀wọ́” kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí náà kọ́ńkọ́dáǹsì kò lè fi ọ̀rọ̀ náà mú wa débẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ fi pamọ́, àkòrí a máa tú u síta.

A wá kà wọ́n pọ̀. Júdà àti Pọ́ọ̀lù ti gbà láti san án fúnra wọn. Òwe 22:27 sì ń bá ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi san án wí. Ìbéèrè náà yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Kì í ṣe “Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ?” mọ́, bí kò ṣe “Bí kò bá rí i san, ṣé o ní in?”

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ o. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló to àwọn àkòrí wọ̀nyí. Òye tirẹ̀ ló fi tò wọ́n. Ẹsẹ tó wà lábẹ́ àkòrí kan ti kúrò láàárín àwọn ará ilé rẹ̀, ẹ dá a padà sílé kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ní Jóòbù 42:7, Ọlọ́run ní wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun. Gálátíà 6:2 tí ọkọ dì mú náà ń kọ́? Ẹsẹ mẹ́ta péré sí i ni a ti sọ pé oníkálukú ni yóò ru ẹrù tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí atọ́ka. Ẹ wá ju àkòrí kan lọ. Ẹ ka orí tí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ti jáde látòkèdélẹ̀. Ní pàtàkì, ẹ wá ẹsẹ tó ń ta ko ohun tí ẹ ti fẹ́ tẹ́lẹ̀.

Tọkọtaya náà ṣírò owó wọn: ₦180,000 ni gbogbo ohun tí wọ́n ní ní ìpamọ́. Wọn kò fọwọ́ síwèé. Wọ́n yọ ₦100,000 níbẹ̀, wọ́n sì gbé e fún ẹ̀gbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn tí wọn kò ní bi í. Inú ẹ̀gbọ́n kò dùn lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n tọkọtaya náà jọ lọ jẹ́ ẹ ni, wọ́n sì jọ padà sílé.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Olúwa fún wa ní òye.