Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ó Ha Yẹ Kí A Rẹ Ọkọ̀ Eré-Ìje Sílẹ̀ Bí?

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ àbúrò mi kan gbé ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá hàn mí ní ilé mi ní Ìlọrin. Toyota Celica ni, tòkunbọ̀ onílẹ̀kùn méjì, irú ọkọ̀ tí a dìídì ṣe fún eré sísá, tí ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe é sì dáwọ́ dúró ní ọdún 2006. Mo kí i kú oríire, mo sì ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn èyí ni ó wá sọ ohun tí ó bá a wá. Ó ní, “Bàbá, mo fẹ́ rẹ ọkọ̀ yìí sílẹ̀ ní íǹṣì méjì. Mẹkáníìkì kan ti ní òun yóò bá mi gé sípíríǹgì rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Kí ni ẹ rí sí i?”

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó fún mi ní àyè díẹ̀ kí n ro ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé òun nìkan kọ́ ni irú èrò bẹ́ẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀, tí a sì ń rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó ń fi àyà wọ́lẹ̀ ní ìgboro wa, mo rí i pé ó tọ́ kí n dáhùn ní gbangba.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ tí ó bá sún mọ́ ilẹ̀ a máa di ọ̀nà mú dáadáa. Irọ́ kọ́ ni. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà lórí eré, ìwúwo rẹ̀ a máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà ẹ̀gbẹ́ kejì a sì fúyẹ́. Bí ìwúwo náà bá ti wà nísàlẹ̀ tó ni ìfì náà ń dín kù tó.

Ìtàn ọkọ̀ MGB ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́rìí sí èyí. Láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980 ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ eré-ìje náà ní ìlú Abingdon. Ní ọdún 1974, nítorí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí bọ́m̀pá, wọ́n fi bọ́m̀pá dúdú ńlá sí i, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà ga sókè ní ìwọ̀n bí íǹṣì kan àti díẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fì ní kọ́nà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, títí wọ́n fi fi irin tí ó ń dá ìfì dúró kún ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún ọdún 1977. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní irú ọkọ̀ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ni ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun kan: ibi tí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ náà fi í sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń dá a padà sí. Ìwọ̀n tí a ti ṣírò ni wọ́n ń wá. Wọn kò fi ojú lásán dá ìwọ̀n mìíràn.

Wàyí o, èrè tí ó wà níbẹ̀, mélòó ni? Bí àárín gbùngbùn ìwúwo ọkọ̀ kan bá fi íǹṣì 20 ga sí ilẹ̀, tí a sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní íǹṣì 1, ìfì náà yóò dín ní ìdá kan nínú ogún péré. Kí ni a óò wá fi san èrè yìí? Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà bá ní àyè íǹṣì 3 láti gòkè nígbà tí táyà bá kọlu gegele, tí a sì mú 2 kúrò níbẹ̀, íǹṣì kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù. Bí ẹyọ kan náà bá ti tán, irin ni yóò máa gbá ara ọkọ̀, ìgbálù náà yóò sì wọ inú eegun ẹ̀yìn ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀.

Èyí tí ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni pé rírẹ̀ sílẹ̀ lè sọ ọkọ̀ di afìrìfìrì. Ẹsẹ̀ iwájú Celica jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní MacPherson. Bí a bá rẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, apá irin tí ó di táyà mú nísàlẹ̀ yóò yí ẹnu sókè. Ara ọkọ̀ a sì máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àfi bí a bá fi sípíríǹgì tí ó le sí i. Táyà pẹ̀lú yóò dagun, inú rẹ̀ yóò sì jẹ kí ìta rẹ̀ tó jẹ. Ní ti sípíríǹgì tí a fi ayùn gé, ìdí rẹ̀ kì í jókòó dáadáa mọ́ sí àyè rẹ̀. Èyí tí a sì fi iná wẹ́dà yọ́, iná ti pa agbára irin náà.

Ẹnu mi gba ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ní ìgbà èwe mi, mo ní kí wọ́n gé sípíríǹgì ọkọ̀ mi kan, mo sì ń fi yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, mo ń gbé ìyá mi bọ̀ láti Jẹ́bà. Omi ti bo kòtò kan, n kò sì mọ bí ó ti jìn tó. Abẹ́ ọkọ̀ gbá ẹnu kòtò náà, agbada tí ó gba ọ́ìlì sábẹ́ ẹ́ńjìnnì sì là. N kò mọ̀, mo ń bá eré mi lọ. Kí n tó fura, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Inú ọkọ̀ náà ni a sùn di òwúrọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, tí ọkọ̀ wa sì ń mì jìgìjìgì. Ìyá mi kò bá mi wí. Ohun kan ṣoṣo ni ó bèèrè nígbà tí ilẹ̀ mọ́: “Ṣé bí wọ́n ti ṣe é wá kò dára tó ni?” Títí di òní, n kò rí èsì fún un.

Ẹnìkan lè sọ pé owó onísọkúsọ ni ó ń ná, kí ló kàn wá? Ó kàn wá o. Ọkọ̀ tí kò lè gba orí kòtò kọjá, ńṣe ni yóò máa yà fún un. Ibi tí ó sì ń yà sí ni ọlọ́kadà wà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé ń gbà, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń bọ̀ níwájú. Bí ó bá dé ibi gegele tí àwọn ará àdúgbò fi sìmẹ́ńtì mọ láti dín eré kù, yóò dá ọkọ̀ sí ìbú, gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì dúró dè é. Ọ̀nà kì í ṣe ti ẹnìkan.

Àwọn mìíràn yóò ní kí ìjọba tún ọ̀nà ṣe ná. Òótọ́ ni, ẹ̀tọ́ wa sì ni láti béèrè fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń retí kọ́ ni ọkọ̀ ń rìn, èyí tí ó wà nílẹ̀ ni.

Nítorí náà, èsì mi fún ọmọ mi nìyí. Bí ó bá jẹ́ pé orí pápá ìdíje tí ó tẹ́jú nìkan ni yóò ti máa sá eré, kí ó rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ yìí náà ni yóò máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Kí ó fi owó náà ra ojúlówó táyà, kí ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì tí ó ti kú, kí ó sì ṣe aláímẹ́ǹtì. Yóò yà á lẹ́nu bí ọkọ̀ náà yóò ti di ọ̀nà mú tó. Bí ojú rẹ̀ kò bá sì lè kúrò níbẹ̀, kí ó má ṣe kọjá íǹṣì kan, kí ó ra sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí a ṣe fún ara wọn, kí ó má sì jẹ́ kí ayùn tàbí iná kan ti àtijọ́.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ̀n ọ̀nà ni ó sì yẹ kí ó jẹ́ ìwọ̀n ọkọ̀. Mo gbọ́ pé yóò gbé ìyá rẹ̀, àbúrò mi, lọ sí Ọ̀fà láìpẹ́. Kí ó rántí ẹni tí yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tó pe mẹkáníìkì.