Àwọn Atẹdùùrù Aláìlólùkọ́ àti Bọ́tìnì Transpose

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ìsinmi kò ní olùkọ́ kan pàtó tó lè nawọ́ sí. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ló máa ń dúró sí, tó ń wo ìka rẹ̀; bí ìsìn bá parí, òun náà á jókòó, á máa wá ohùn kiri. Lóde òní, YouTube ti kún un. Kò pẹ́ kò jìnnà, adarí orin á gbé orin lójijì, ọmọ náà á sì bá a lọ.

Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Adarí orin kì í sọ key tí òun fẹ́ gbé orin sí, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń fojú tín-ínrín irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, kó wá jókòó síbẹ̀ láàárín ìyìn àti ìjọ́sìn ná.

Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń dúró sí. Orí píánò ní ibi 88 tí ìka ń tẹ̀, funfun 52, dúdú 36, key méjìlá ló sì wà tí a lè gbé orin sí. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù ní bọ́tìnì tí wọ́n ń pè ní transpose. Bí olórin bá gbé orin sí A-flat, atẹdùùrù á yáa tẹ bọ́tìnì náà títí ohùn á fi bára mu, ìka rẹ̀ á sì máa bá a lọ ní C tó ti mọ́ ọn lára. Ìjọ á jó, ẹnikẹ́ni ò ní fura. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá báyìí. Ọjọ́ tó bá kan píánò onígi tí kò ní bọ́tìnì ni àṣírí á tú.

Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà bọ́tìnì yìí ní ẹlẹ́rìí pàtàkì kan. Irving Berlin, tó kọ orin "White Christmas", kò lè ka orin tí wọ́n kọ sórí ìwé, F-sharp nìkan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń tẹ̀. Ó ní píánò tí wọ́n ṣe irin kan sí: bó bá ti yí i, ohùn á bọ́ sí key mìíràn, ìka rẹ̀ ò ní kúrò níbi tó wà. Ọ̀kan nínú irú píánò bẹ́ẹ̀ tó lò wà ní ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ Berlin ní akọ̀wé orin tó ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀, ìṣẹ̀dá orin sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni akọ̀wé ọmọ kíbọ́ọ̀dù tiwa?

Erroll Garner, atẹdùùrù jazz, ló yẹ kí ọmọ náà máa wò. Wọ́n bí i ní Pittsburgh ní 1921, kò sì mọ orin kà títí ó fi kú ní 1977. Olùkọ́ ń kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, etí ni òun fi ń gbé e. Ẹgbẹ́ àwọn olórin ìlú rẹ̀ kọ̀ láti gbà á nítorí àìmọ̀-kà yìí, àfi ní 1956 tí wọ́n fi oyè ọmọ ẹgbẹ́ dá a lọ́lá. Nígbà yẹn ó ti kọ "Misty", wọ́n sì ti gba àwo orin rẹ̀, Concert by the Sea, sílẹ̀. Kò kàn ṣàdédé mọ̀ ọ́n: láti kékeré ló ti ń bá ẹgbẹ́ olórin ṣeré kiri.

Kí wá ni olùkọ́ ń ṣe gan-an? Ó ń gbọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́, ó sì ń dá a dúró. Ẹni tó ń tẹ dùùrù lọ́wọ́ kì í sábà gbọ́ àṣìṣe ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti sáré lọ síbi tó kàn. Fóònù lè gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣe: kí ọmọ náà fi ká orin tó tẹ̀ sílẹ̀, kó gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé ọwọ́ òsì òun ń pẹ́ dé, pé òun ń sáré níbi tó rọrùn. Ti ìka le ju ìyẹn lọ. Ní C, bí ìka kẹta ọwọ́ ọ̀tún bá ti tẹ E, àtàǹpàkò ló yẹ kó yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ lọ tẹ F. Ẹni tí kò rí i kí wọ́n ṣe é rí lè máa fi ìka mẹ́ta tẹ dùùrù títí ayé.

Atẹdùùrù tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin sì ní àǹfààní tí kì í sábà lò. Tonic sol-fa, ìlànà dò-ré-mí tí John Curwen tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 19 kò so dò mọ́ ibì kankan. Ibi tí a bá gbé orin sí ni dò ń bá wa lọ. Ẹni tó bá mọ sol-fa orin ìyìn kan lórí lè tẹ̀ ẹ́ ní C lónìí, ní G lọ́la, títí méjèèjìlá á fi pé. Kó kọ́kọ́ lẹ bébà bo transpose.

Wákàtí tí wọn ó fi dánra wò ló kù, àwọn ìjọ ló sì ń fi du àwọn ọmọ wọ̀nyí. Wọ́n á ra agbohùnsókè olówó gọbọi, wọ́n á sì ti kíbọ́ọ̀dù mọ́lé láti ọjọ́ Ajé títí di alẹ́ ìdánrawò akọrin. Ọmọ tí kò ní kíbọ́ọ̀dù nílé kò ní ibòmíràn tó lè lọ, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì wà lápò bàbá ìjọ kan tí kì í tẹ dùùrù.