Kí Ni Àlejò Yóò Fi Wọ Bọ́ọ̀sì Èkó?

Tí ẹnikẹ́ni ní Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn bá ti dárúkọ Èkó, ìmọ̀ràn kan náà ni àwọn àgbà máa ń fún un: "Wá ẹni tí yóò pàdé rẹ ní gáréèjì." Bí kò bá sí ẹni tí yóò pàdé rẹ ńkọ́? "Wọ dánfó, kí o sì di àpò rẹ mú." Èmi kò fara mọ́ ìmọ̀ràn kejì yìí rárá. N kò sì fara mọ́ àwọn ará Èkó tó ń sọ pé ti ọmọ Èkó ni bọ́ọ̀sì ńlá tí ìjọba wọn rà, kí àlejò wá ibòmíràn gbà. Bọ́ọ̀sì yẹn àti káàdì tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ gan-an ló yẹ kí àlejò láti Òkè-Ògùn kọ́kọ́ dì mú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta káàdì náà ni kò jẹ́ kó rọrùn fún wa, èyí ni mo sì fẹ́ bá wọn jà sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Oṣù Kẹta ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ní 2015, ọ̀nà náà gùn dé Ìkòròdú. Ti Ọ̀ṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá dé lẹ́yìn ìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina sí Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023, aláwọ̀ pupa láti Agbádó sí Òyìngbò sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá 2024. Káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Cowry ni wọ́n fi ń wọ gbogbo wọn. O fi owó sí i, o fi kan ẹ̀rọ bí o bá ń wọlé, o tún fi kàn án bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí pé owó ọkọ̀ ti yí padà nítorí pé òjò ṣú.

Ẹni tó bá ní dánfó dára fún àlejò kò tíì ru aṣọ òkè lọ sí Èkó rí. Èmi àti àbúrò màmá mi ti rù ú lọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí aṣọ híhun ni iṣẹ́ ilé wa. Ní ìgbà kejì, òjò ṣú. Owó tí kọ̀ndọ́ ń pè kí a tó la ẹnu kọ́ ni ó pè lẹ́yìn tí a là á. Bí Ọ̀ǹkò bá ti jáde lẹ́nu èèyàn, owó ti gòkè nìyẹn. A san án. Nígbà tí a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kò ní ṣéńjì. Ó ti ẹgbẹ̀rún náírà kan bọ ọmọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí lọ́wọ́, ó ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ ṣẹ́ ẹ pín. Ọmọkùnrin náà mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó. Àwa dúró sẹ́bàá títì pẹ̀lú ẹrù lórí, à ń wò ó bó ṣe ń sọdá lọ. Ó padà wá, Ọlọ́run á bù kún un, ṣùgbọ́n mélòó ló ń padà wá?

N kò sọ pé ènìyàn burúkú ni kọ̀ndọ́ yẹn. Òun náà ní iye tí yóò jíṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́, àwọn àgbèrò sì ń dúró dè é ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìlú ló ti rọrùn jù láti gba àfikún. Ẹ̀rọ tó ń ka káàdì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn Ṣakí àti ohùn Ìsàlẹ̀ Èkó, ìdí tí mo fi gbè é lẹ́yìn nìyẹn.

Àwọn kan á ní owó orí ará Èkó ni wọ́n fi ra bọ́ọ̀sì, kí ló kan ará Òkè-Ògùn? Ìbéèrè ni èmi náà yóò fi dá wọn lóhùn. Ibo ni BRT àkọ́kọ́ ti gbéra? Mile 12. Kí ló wà ní Mile 12? Ọjà oúnjẹ. Kí ẹni tó ń ṣiyè méjì wá dúró sẹ́bàá ọ̀nà Ṣakí ní àsìkò iṣu tuntun, kó ka àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pẹ̀lú iṣu, àgbàdo àti gbágùúdá. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni a ní ní Òkè-Ògùn, iṣẹ́ oko sì ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe. Ẹni tó gbin ohun tí Èkó ń jẹ lè jókòó nínú bọ́ọ̀sì wọn, kó san owó rẹ̀. A kò tọrọ ọ̀fẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo wa ló ń lọ gbafẹ́: àwọn kan ń gbé aláìsàn lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, àwọn kan ń wá ilé ẹ̀kọ́ ní Akọka, àwọn mìíràn ń lọ ra ọjà ní Balógun.

Síbẹ̀, n kò ní gbè sẹ́yìn káàdì yìí nínú ohun gbogbo. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ pàápàá ń bá mi jà. Owó ẹyọ ni Cowry. Púpọ̀ nínú owó ẹyọ ayé àtijọ́ wá láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí ọjà tí kì í gbà á. Ogójì tí wọ́n bá sín pọ̀ ní Ṣakí, ogójì náà ni ní Kétu. Ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000, kò dín nítorí pé Ìbàrìbá tàbí Tápà ló rù ú wá. Àlejò ló wúlò fún jù, nítorí òun ni kò ní onígbọ̀wọ́ nínú ọjà. Cowry ti Èkó wá yí i sódì. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló rọ̀ lọ́rùn, ẹni tó dé lónìí ló ń ṣe kòńgẹ́ ìnira. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ibi tí wọ́n ti ń tà á, kó ra á, kó tún fi owó sí i. Bó bá ń padà sí Ìgbòho lọ́jọ́ kejì, owó tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ á bá a dé Ìgbòho, níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ kankan tí yóò kà á.

Wọ́n á ní bó ṣe rí nílùú òyìnbó nìyẹn, pé bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù pàápàá kì í gba owó lọ́wọ́ èrò. Òótọ́ ni, láti oṣù Keje 2014 ni wọn kò ti gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn náà tán. Káàdì Oyster ti wà níbẹ̀ láti 2003. Ní ìparí 2012, ọdún kan ààbọ̀ kí wọ́n tó kọ owó, wọ́n ti ń gba káàdì báńkì nínú bọ́ọ̀sì, àlejò sì lè fi èyí tó wà lápò rẹ̀ wọlé. Ẹni tí owó Oyster rẹ̀ kò tó lójijì, wọ́n fún un láyè ìrìn àjò kan sí i nínú bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ má bàa ṣú bá a lójú ọ̀nà. Wọ́n sì fi ìdíwọ̀n sí i: bí owó tí o san lóòjọ́ bá ti dé iye kan, ẹ̀rọ kò ní yọ kọ́bọ̀ mọ́ títí ọjọ́ náà yóò fi parí. Ilẹ̀kùn mélòó ni wọ́n ṣí kí wọ́n tó ti ẹyọ kan! Ẹni tó bá fẹ́ fara wé wọn, kó fara wé wọn débẹ̀.

Kí ni mo wá ń fẹ́? Káàdì ọjọ́ kan àti ti ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n ń tà ní ibi tí àlejò ti ń sọ̀ kalẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, Sátidé àti Sọ́ńdè. Kódà, kí wọ́n tà á kí ó tó kúrò nílé. Ọ̀nà Mọníyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65, ti dára báyìí. Láti 2021 sì ni ọkọ̀ ojú irin ìjọba àpapọ̀ ti ń rin kìlómítà 157 láàárín Èkó àti Ìbàdàn, Mọníyà sì ni ìdúró rẹ̀ wà. Ará Ìṣẹ́yìn lè jí nílé rẹ̀ kó sì dé Èbúté-Mẹ́ta láìwọ dánfó. Bí káàdì Èkó bá wà fún títà ní Mọníyà, yóò dé ibi tó ń lọ gan-an láìwọ̀ ọ́. Ṣé ó ṣòro ni? Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá fẹnu kò, wọ́n sì fi Àmọ̀tẹ́kùn lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìn-ín-ní 2020. Àjọ DAWN tó ń pa wọ́n pọ̀ wà ní Ilé Kòkó níbẹ̀. Èwo ló le jù, kí wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ jọ kiri inú igbó ni, àbí kí bọ́ọ̀sì Ìbàdàn àti ti Èkó máa gba káàdì kan náà?

Ẹ̀yin òbí wa tó ń sọ pé àgbà kò lè lo káàdì, ẹ rántí oṣù Kejì 2023 tí owó náírà di ọ̀wọ́n. Ta ló kọ́ àwọn ìyá olóbì ní ọjà Ìṣẹ́yìn láti máa gba owó lórí fóònù? Ebi ló kọ́ wọn, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì ni. Àbúrò màmá mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń yẹ owó wò lórí fóònù yára ju èmi lọ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin olùkọ́ wa ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ẹ ti kọ́ wa ní orúkọ àwọn odò Amẹ́ríkà, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n a kò mọ bí a ṣe ń ka ibi tí wọ́n kọ síwájú bọ́ọ̀sì ní Ọ̀ṣòdì. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn kan nínú kíláàsì wa yóò lọ forúkọ sílẹ̀ ní Akọka láìsí ẹni tí yóò pàdé wọn ní gáréèjì. Wákàtí kan péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú sáà yìí, pẹ̀lú àwòrán ọ̀nà bọ́ọ̀sì Èkó lórí pátákó àti káàdì Cowry kan tí a lè gbà láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí a fojú rí i.